Ewúrẹ́ Inú Ọ̀rọ̀ Òyìnbó

Títí dòní, bí mo bá ti gbọ́ òórùn gàrí gbígbóná, ọ̀rọ̀ òyìnbó ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ní abúlé wa lẹ́yìn Lálúpọn, abẹ́ àtíbàbà tí ìyá mi ti ń yan gàrí ni mo ti máa ń ka ọ̀rọ̀ tí tíṣà fún wa, àti ìtumọ̀ rẹ̀, kí n tó lọ sílé-ìwé.

Ìyá mi ò kàwé, ṣùgbọ́n àlàyé ẹnu lásán kì í tẹ́ wọn lọ́rùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní ìtumọ̀ “reluctant” ni “unwilling.” Wọ́n dáwọ́ gàrí dúró.

“Ẹ̀wù lo fi bo ẹ̀wù yẹn. Ara rẹ̀ dà?”

Mo ronú títí, mo ní ẹni tó ń lọ síbi tí kò wù ú lọ ni. Àfi bí aládùúgbò wa ṣe ń fi okùn fa ewúrẹ́ kan kọjá, tí ewúrẹ́ fi gbogbo ẹsẹ̀ tilẹ̀.

“Ṣé bíi tìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó ti di tìẹ nìyẹn.”

Nígbà tó yá, tíṣà wa mú mi lọ síbi ìdíje ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nígboro. Ará oko làwọn ọmọ ìgboro ń pè wá, ilé-ìwé wa ò sì gba ẹ̀bùn kankan bọ̀ níbẹ̀ rí. Ó wù mí gan-an kí n gba ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tó kàn mí ni “reluctant.” Gbogbo òyìnbó orí mi sì fò lọ! Àwọn ọmọ ìgboro ti ń rẹ́rìn-ín.

Ni mo bá rántí ewúrẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fẹsẹ̀ tilẹ̀, mo na ọrùn sẹ́yìn, mo ké “mẹ̀ẹ́ẹ̀!” Adájọ́ rẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nu omi ojú. “Ó yé ọmọ yìí,” ló wí. Ipò kejì la gbà. Èmi ni mo ru ike ìpọnmi tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ wọ abúlé, ayọ̀ ò jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Láìpẹ́ yìí, ìyá mi wá kí wa ní Ìbàdàn. Ọmọ mi, Dúnsìn, bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Mi ò gbójú kúrò lára fóònù tí mo fi ní, “Unwilling.”

“Ẹ̀wù lo tún fi bo ẹ̀wù,” ni ìyá mi wí lórí àga. “Dìde, ṣe é kọ́mọ rí i.”

Mo ní orúnkún ń dùn mí. Mo ní àlejò lè wọlé. Dúnsìn di ọwọ́ mi mú, ó ń fà mí. Mo fẹsẹ̀ ti kápẹ́ẹ̀tì, mo fara mọ́ àga.

Ìyá mi nawọ́ sí mi. “Dúnsìn, wo ìyá rẹ dáadáa. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn.”