Omi Tí Ìyàwó Mi Kò Fẹ́ Mu

Oyún ìyàwó mi ti wọ oṣù kẹfà nígbà tí ọmọ inú rẹ̀ dákẹ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Fẹ́sítáàkì ni. Ọ̀dà ara ògiri ilé tí ìjọba pín fún wa ṣì ń rùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí ọmọ kò mira, nọ́ọ̀sì gbé ìwo kékeré lé e níkùn, ó tẹ́tí títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní ká lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí ẹ̀rọ tuntun ti ń fi ìró yàwòrán inú aboyún. Ó ní kí ìyàwó mi mu omi púpọ̀ kó tó lọ, kó má sì tọ̀.

Oyún méjì ti bàjẹ́ ṣáájú èyí.

Nínú ọkọ̀, ó di ikùn rẹ̀ mú. Mo rò pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n.

Wọ́n pa iná yàrá náà, wọ́n fi nǹkan tútù yíyọ̀ kan pa á níkùn. Kò dùn ún. Ọkùnrin tó ń lo ẹ̀rọ náà tì í sókè sódò lórí ikùn rẹ̀, ó fajú ro.

"Màdáámù, àpò ìtọ̀ yín ṣófo. A ò lè rí ọmọ dáadáa báyìí. Ṣé ẹ ò mu omi ni?"

"Ààwẹ̀ ni mo gbà. Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé omi ò ní kan ẹnu mi títí di aago mẹ́fà."

"Aago méjì la ń ti ibí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn."

Ọ̀sẹ̀ kan! Gbogbo ìwé tí mo kà ní yunifásítì, kò sí èyí tó kọ́ mi ní ohun tí màá ṣe. Mo bu omi wá, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó mi lójú gbogbo àwọn aboyún tó wà níta.

"Bọ̀dá, ẹ dìde jàre," ni obìnrin tó ń nulẹ̀ wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ibẹ̀ ni!"

Mi ò dìde.

"Bí mo bá ṣínu, tí ọmọ sì kú ńkọ́?" ni ìyàwó mi béèrè. "Ṣé kì í ṣe èmi ni mo pa á nìyẹn?"

"Jẹ́ kó wà lọ́rùn mi."

Ó mu ife mẹ́fà, omijé ń já sínú wọn.

A padà wọlé nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjì lù. Ọkùnrin náà tún ti ẹ̀rọ sókè sódò. Ó pẹ́, ó pẹ́ jù. Lẹ́yìn náà ó nàka sí nǹkan kékeré kan tó ń ṣẹ́jú nínú àwòrán tó rí bí eérú.

"Ọkàn rẹ̀ nìyẹn."

Ìyàwó mi wò ó títí. "Ṣé mo lè lọ tọ̀ báyìí?"

Lọ́jọ́ kejì, ó tún gba ààwẹ̀ láti fi dí èyí tó bàjẹ́. Mo gbé ife omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé ní aago márùn-ún, ife náà ti ṣófo.