Ilẹ̀kùn tí Mo Ṣọ́ fún Bùrọ̀dá Mi

Bùrọ̀dá mi ló mú mi wá sí Chicago. Ọmọ ìyá kan náà ni wá, wọ́n sì fi ọdún méjìlá jù mí lọ. Nígbà tí bàbá wa kú, àwọn ni wọ́n rán mi lọ sílé ìwé. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ìyàwó wọn ṣaláìsí, tí wọ́n ní kí n fi iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì tí mò ń ṣe ní Des Plaines sílẹ̀ kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn ní àdúgbò Chatham, n kò bi wọ́n léèrè ìgbà tí n óò padà. Mo di ẹrù mi, mo kó wọlé.

Ilé ìpoògùn ni Bùrọ̀dá ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n mọ oògùn dé ìdí, síbẹ̀ kò sí èyí tó gba ìyàwó wọn là. Mo rò pé ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Létí adágún ni wọ́n ti pàdé bàbá ará Ṣáínà kan tó máa ń na ọwọ́ na ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ láràárọ̀. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ó sì ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn bí ọmọdé. Ẹnu rẹ̀ ni Bùrọ̀dá ti gbọ́ ẹ̀kọ́ àwọn Taoist, ẹlẹ́sìn àtijọ́ kan nílẹ̀ Ṣáínà: pé iná kan wà nínú èèyàn, ìwọ̀n ìka mẹ́ta sísàlẹ̀ ìdodo, pé ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń fi èémí fẹ́ iná náà lè fi yọ́ ohun tó wà nínú ara òun, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń yọ́ irin, títí ara yóò fi dọ̀tun.

Wọ́n kọ́ èmi náà. N kò ní purọ́, mo gbádùn rẹ̀. A ó jókòó sórí ìrọ̀rí, a ó la ojú díẹ̀, a ó fi eyín gbá eyín, a ó po itọ́ lẹ́nu, a ó sì gbé e mì lẹ́ẹ̀mẹta. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ooru kan rọra yí lábẹ́ ìdodo mi bí ẹni gbé ife tíì lé mi níkùn. Ẹ̀yìn tó ti ń dùn mí láti ìgbà tí mo ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì dẹ̀ wọ̀ọ̀.

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, Bùrọ̀dá pè mí sí pálọ̀.

"Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ iná yìí," wọ́n ní. "Kò gbọdọ̀ já. N ò ní jáde, n ò ní bínú, n ò ní fẹnu kan ìrẹsì tàbí búrẹ́dì. Atẹ́gùn ò gbọdọ̀ fẹ́ sí mi, ariwo ò gbọdọ̀ dé etí mi. Mo sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa ṣọ́ ilẹ̀kùn fún mi."

"Ta ni yóò ṣọ́ ọ, Bùrọ̀dá?"

Wọ́n wò mí. "Ta ni mo ní?"

Mo kúnlẹ̀.

"Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀," wọ́n ní, "o ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. O ò sì ní jáde."

Mo ní mo gbọ́.

Wọ́n fi ọ̀rá lẹ gbogbo fèrèsé pa. Wọ́n yọ bátìrì agogo ẹnu ọ̀nà. Orí àtẹ̀gùn ìta ni àwọn tó ń kó ọjà wá ń gbé ohun tí a bá rà sí. N óò nawọ́ mú un, n óò sì ti ilẹ̀kùn padà. Bùrọ̀dá kò fi ìrun sílẹ̀, àmọ́ wọn ò lọ sí Jímọ̀ mọ́. N kì í wọ sálúbàtà nínú ilé. N kì í dín nǹkan. Bí ikọ́ bá fẹ́ gbọ̀n mí, inú àǹkárá ni n óò wú u sí. Obìnrin òdìkejì títì máa ń juwọ́ sí mi bó bá ń kó yìnyín kúrò níwájú ilé rẹ̀, èmi náà á juwọ́ láti ẹ̀yìn ọ̀rá. Lẹ́yìn oṣù kan, mo rí i pé mo ti ń mí bí ẹni tó sá pamọ́.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta ni ọmọ mi pè mí láti Romeoville, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní wíàháòsì, ilé ìkẹ́rùsí kan. Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé níbi tí a ti ń fọṣọ.

"Mummy, Saturday la máa sọmọ lórúkọ. Mo máa wá gbé yín."

"N ò lè jáde, ọmọ mi."

"Ọjọ́ kan péré ni, Mummy. Please."

"Ọjọ́ kan yẹn ló máa bà á jẹ́."

"Ṣé wọ́n ti yín mọ́lé ni?"

Mo ní rárá. Òótọ́ ni, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Lórí fóònù ni mo ti wo ìsọmọlórúkọ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo sì pa ohùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà súnmọ́ ojú fóònù, mo fẹ́ ṣàdúà fún un, àmọ́ ọwọ́ ara mi ni mo bá lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo ń gbálẹ̀ yàrá Bùrọ̀dá, mo sì rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Wọn ò tíì ṣí ìgò náà rárá.

"Bùrọ̀dá, ẹ ò lo oògùn yín."

"Oògùn yẹn ń pa iná."

"Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá èèyàn jà tí wọn ò bá lò ó!"

Wọ́n pa ojú dé. Mo rántí pé wọn ò gbọdọ̀ bínú, mo sì jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé fóònù láti pe dókítà wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹtàlélọ́gọ́rin, mo gbé omi gbígbóná lọ bá wọn. Wọ́n ti fẹ̀gbẹ́ kan ti ògiri, ẹnu wọn ti wọ́.

"Bùrọ̀dá!"

"Má... ṣílẹ̀kùn," wọ́n ní.

Ó wù mí kí n sọ pé ojú ẹsẹ̀ ni mo sáré. Irọ́ ni. Mo dúró. Ọjọ́ tó kù ni mò ń kà lọ́kàn. N ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ kí n tó pe áńbúláǹsì, kí n tó lọ ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Òtútù rọ́ wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ sì wọlé tẹ̀ lé e pẹ̀lú yìnyín lábẹ́ bàtà wọn.

Ẹ̀mí wọn kò bọ́, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò padà sípò. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ sí mi ní ọsibítù, pẹ̀lú ahọ́n tó wúwo, ni, "Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló kù." Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko.

Bàbá ará Ṣáínà náà wá kí wọn nílé. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń túmọ̀. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ oògùn fún bàbá náà, ó gbọn orí títí.

"Bàbá mi ní ta ló ní kí ẹ má lò ó?" ọmọbìnrin náà wí. "Wọ́n ní àwọn náà ń lo tàwọn láràárọ̀, kí wọ́n tó jókòó."

Bùrọ̀dá kọjú sí ògiri.

Ọmọ mi ti tún yàrá kan ṣe fún mi ní Romeoville. Mo ń sọ fún un pé mò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé Bùrọ̀dá dìde? Ta ni yóò wẹ̀ fún wọn? Wọ́n ti ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n máa ń ní, "O ṣé, àbúrò," bí mo bá ti nù wọ́n lẹ́nu tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yọ́ jáde lọ ra ọṣẹ. Bọ́ọ̀sì kan dúró níwájú mi ní igun títì, awakọ̀ sì ń wò mí bóyá n óò wọlé. N kò mọ ibi tó ń lọ. Mo dúró, mo di ọ̀rá ọṣẹ mú, lẹ́yìn náà mo ní kó máa lọ.