Aṣọ Òtútù Méjì

Irọ́ kọ́ ni mo pa. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn ná, torí ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú fún odindi oṣù mẹ́ta nìyẹn. Mo kàn sọ fún ìjọ wa ní Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin pé mò ń lọ ṣiṣẹ́ ìyìnrere nílẹ̀ òkèèrè fún ọdún kan, pé mi ò ní gba owó oṣù, àti pé mo ti ń kọ́ èdè Faransé lórí fóònù. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ni wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé Párísì ni. Èmi náà kò sì fẹnu ara mi sọ pé kì í ṣe Párísì.

Ibi tí mò ń lọ gan-an ni abúlé kan lẹ́yìn Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Kútọnu, kí n lọ máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà. Láti Festac tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, béèyàn bá wọkọ̀ ní Mile 2 láàárọ̀, tí ọ̀nà Badagry sì dára, á jẹun ọ̀sán níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ará abúlé ọ̀hún ló ń sọ Yorùbá, débi pé Faransé tí mò ń dá ahọ́n mi lóró lé lórí yẹn kò pọn dandan rárá.

Ṣùgbọ́n oyè ti dùn mọ́ mi. Àwọn ìyá ìjọ tó máa ń bi mí pé ìgbà wo ni mo fẹ́ mú ọkọ wá ti ń pè mí ní mísọ́nnárì. Wọ́n gbé àga mi síwájú. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í so síkáàfù mọ́ ọrùn nínú oòrùn Àmúwo, kí ó lè tètè mọ́ mi lára. Lọ́jọ́ kan, mo dúró ní ọjà Trade Fair, mò ń ná bàtà tí wọ́n fi ń rìn nínú yìnyín. Ẹni tó ń tà á fúnra rẹ̀ wò mí tìyanu-tìyanu.

Àṣà kan wà ní ìjọ wa. Bí ẹnikẹ́ni bá ń lọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan á mú ohun kan tó máa wúlò fún un wá lọ́jọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni gbogbo wa á wọ bọ́ọ̀sì sìn ín dé ibi tó ti fẹ́ gbéra. Bó ṣe di pé wọ́n ń ra ìbọ̀sẹ̀ onírun àti ìbọ̀wọ́ pamọ́ dè mí nìyẹn.

Màmá àgbà kan tó ń ránṣọ ní Raji Rasaki Estate ní kí n wá wọn ara mi. Mo lọ. Ó wọ̀n mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti eré. Nígbà tó ṣe tán, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin kan tó ti gbó jáde, ó wọn ìyẹn náà. Ó ní méjì lòun máa rán, ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan fún ọmọ òun tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá ní Párísì. Ọmọ náà máa ń pe òun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kì í fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó ní kí n bá òun wá a rí.

Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n lanu. Ohun tí mo sọ ni pé ẹ ṣé, Mà. Mo délé, mo jẹ ìrẹsì abọ́ méjì, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ́.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, Pásítọ̀ kéde pé wọ́n ti gba bọ́ọ̀sì tó máa sìn mí dé pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà. Ó béèrè àkókò tí bàálù máa gbéra. Mo ní wọn ò tíì sọ fún mi. Ẹgbẹ́ akọrin ti ń ṣe ìdánrawò orin tí wọ́n máa kọ níbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ronú ẹ̀ dáadáa pé mo lè bá wọn lọ, kí n juwọ́ sí wọn, kí n gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, kí n gba òmíràn jáde, kí n wá ọkọ̀ lọ sí Mile 2. Mo tiẹ̀ ya àwòrán àwọn ẹnu ọ̀nà náà sẹ́yìn ìwé orin.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn, wọ́n to ẹrù mi síwájú pẹpẹ, aṣọ òtútù méjèèjì sì wà lókè pátápátá, aláwọ̀ búlúù tó ní bọ́tìnnì wúrà. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo wo ojú Màmá, mi ò lè tẹ̀ síwájú mọ́. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀yìn Àjàṣẹ́ ni mò ń lọ, pé mi ò ní wọ bàálù kankan.

Ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn akọrin. Pásítọ̀ kọ ẹ̀yìn sí wa, èjìká rẹ̀ ń mì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní kò sí wàhálà, òun mọ ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ dáadáa. Ìbá sàn fún mi kí wọ́n bínú.

Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo gbé aṣọ ọmọ rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo fẹ́ dá a padà fún un. Kò gbà á.

"Kí ló dé tó ò sọ fún wa látìgbà yìí?"

"Ojú ló ń tì mí, Mà."

Ó fọwọ́ pa apá aṣọ náà, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

"Ó lè jẹ́ pé Àjàṣẹ́ lọmọ mi náà wà," ó ní. "Mú un dání. Tó o bá rí i, sọ fún un pé mi ò bínú. Sọ fún un pé ibẹ̀ ò jìn."

Aṣọ tèmi wà lórí ìṣó nínú yàrá mi ní abúlé níbí, mi ò tíì wọ̀ ọ́ rí. Tọmọ rẹ̀ ni mo máa ń gbé lápá lọ sí Àjàṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ọjà, nínú oòrùn, tí mo ń wo èjìká àwọn ọkùnrin.