Wọ́n Fẹ́ Páàkì Mọ́tò Lé Elzy Tunstall Lórí

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí wọ́n fi àpò òwú kọ́ mi léjìká. Àpò náà gùn jù mí lọ. Ìbaaka ta mí nípàá lẹ́nu, eyín mẹ́ta bọ́ sílẹ̀. Mo ṣà wọ́n, mo kó wọn sápò, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Iná jó ilé wa lẹ́ẹ̀mejì. Ibà mú mi lọ́dún tó pa àbúrò mi méjì, ó sì fi mí sílẹ̀, bóyá nítorí pé kò rí ẹran jẹ lára mi. Ìwé kẹta ni mo kà dé. Olùkọ́ wa sá lọ sí Chicago kó tó ṣe ìdánwò fún wa, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé mo féèlì. Mo ti sùn sábẹ́ ilé-ẹ̀rọ òwú ìlú Corley yìí rí, nígbà tí mi ò nílé. Lónìí, èmi Wardell Pettis ni mo ni ilé-ẹ̀rọ òwú náà, mo ni òrùlé rẹ̀, mo ni ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, mo tún ni adágún ẹja àrọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo àpótí orin tó wà nílé ọtí ní àríwá Misisípì, ọwọ́ mi ni wọ́n ti ń gba ìwòsàn fún ogójì ọdún.

Nínú gbogbo ìyà wọ̀nyẹn, kò sí èyí tó mú omi jáde lójú mi. Ọ̀pá irin kan, tí kò ga ju orúnkún lọ, ló mú un jáde. Wọ́n kọ nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n sí i lára, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ láàárín àwọn ọ̀pá irin mìíràn ní itẹ́ òkú àwọn tálákà, lẹ́yìn ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ ń kó ọkọ̀ akólẹ̀ sí. Ọ̀rẹ́ mi Elzy Tunstall ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Elzy kú ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹta ọdún yìí, 1998, nílé ìtọ́jú arúgbó ti ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Mo wà ní Chicago lọ́dọ̀ ọmọbìnrin mi nígbà náà. Kí n tó dé, wọ́n ti sin ín. Wọ́n ní kò lẹ́bí. Wọ́n ní àwọn wádìí títí, àwọn ò rẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ará Corley tẹ́ ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín ná, ká tó bínú. Ẹni tí wọn ò rẹ́ni tó mọ̀ yìí, òun náà ni wọ́n gbé pátákó aláwọ̀ búlúù kalẹ̀ fún lẹ́nu ọ̀nà ìlú. Òun ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún fún nínú oṣù kẹjọ, tí àwọn àlejò ń wọ bàálù wá láti ilẹ̀ Japan àti Norway nítorí orin búlúùsì méjì péré tó kọ sínú àwo orin lọ́dún 1941. Àjọ̀dún náà ti wá tóbi débi pé àyè mọ́tò ò tó mọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, àwọn káńsẹ́lọ̀ wa fẹ́ dìbò kí wọ́n fa àwọn ọ̀pá irin wọ̀nyẹn tu, kí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sórí itẹ́ àwọn tálákà, kó di ibi ìpáàkì. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: wọ́n fẹ́ páàkì mọ́tò lé Elzy Tunstall lórí, kí àwọn àlejò lè ráyè sọ̀ kalẹ̀ lọ yẹ́ Elzy Tunstall sí!

Pátákó náà kò pè é ní Elzy. "Birdie Tunstall" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n ní ọba gìtá ni, wọ́n ní ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ọmọbìnrin, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ tó kú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọdún 1944. Lọ́dún 1944 tí wọ́n ní ó kú, èmi àti òun jọ ń wa ọkọ̀ ẹrù àwọn ológun nílẹ̀ Faransé ni, ó ń kọrin, mo ń sọ fún un pé kó pa ẹnu dé kí àwọn ọ̀tá má baà gbọ́. Ohùn tín-ín-rín wo? Kọ̀ǹkọ̀ là ń pe Elzy láàárín ara wa. Bó bá la ẹnu ní ṣọ́ọ̀ṣì, omi inú ife pásítọ̀ á máa gbọ̀n.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo wá sọ fún un pé kó jẹ́ ká lọ sí àjọ̀dún rẹ̀. Ó wọ kóòtù rẹ̀ tó dára jù, ó gbé gìtá. Ọmọbìnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, tíkẹ́ẹ̀tì yín dà?"

"Tíkẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Ọmọ mi, èmi lẹ̀ ń ṣe yìí."

"Ẹ̀yin là ń ṣe báwo?"

"Èmi ni Birdie tẹ́ ẹ ní mo ti kú. Mo ní kí n wá wo bẹ́ ẹ ṣe ń ṣọ̀fọ̀ mi, bóyá ẹ ń sunkún dáadáa."

Ó sá lọ pe alága ìgbìmọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Prentiss Goolsby. Goolsby kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ràn òkú ju alààyè lọ ni. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá, ẹ kọ orin inú àwo yẹn ká gbọ́."

Elzy fi ọrùn ìgò bọ ìka, ó fi fa okùn gìtá, ó kọ ọ́. Àwọn tó ń jẹ ẹja díndín dá ẹnu dúró. Nígbà tó parí, Goolsby gbá a léjìká. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ ohùn akọ màlúù lẹ ní. Birdie wa, ohùn ẹyẹ ló ní. Gbogbo ayé ló gbọ́ ọ nínú àwo." Ó wá fún un ní ẹ̀wù àjọ̀dún kan lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n kọ "Birdie Tunstall" gàdàgbà sí i láyà.

Nígbà tá à ń bọ̀ nílé, Elzy ní, "Wardell, wọ́n ní mi ò jọ ara mi."

"Ta lo wá jọ?"

"Wọ́n ní mo jọ màlúù."

"Ìyẹn náà ò burú. Màlúù ń rí koríko jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ nílùú yìí, o ò tíì dé ipò ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀wù náà kò ti kúrò lára rẹ̀. Ó ní tóun bá sọnù, ẹni tó bá rí òun á mọ ẹni tóun jẹ́. Irọ́ ni. Verlene Gates, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ dójú ikú, sọ fún mi pẹ̀lú omijé lójú pé: "Bọ̀ọ̀dá Wardell, ẹ̀wù yẹn ló wọ̀ dénú pósí. Mo sọ fún wọn pé orúkọ ẹ̀ ló wà láyà ẹ̀ yẹn. Wọ́n ní ẹ̀wù àjọ̀dún ni, gbogbo ìlú ló ní in."

Wọ́n sin ọkùnrin kan pẹ̀lú orúkọ láyà, wọ́n wá kọ nọ́ńbà lé e lórí. Ṣé ojú ni kò ríran, àbí ọkàn?

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn, mo ra àwo náà, mo gbé e sórí giramafóònù mi. Elzy jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó ń jẹ búrẹ́dì àgbàdo. Kò gbọ́ àwo yìí rí láyé rẹ̀.

"Ta lọmọbìnrin yẹn?"

"Ìwọ ni."

"Èmi kẹ̀? Ohùn ẹ̀ mà dùn o. Ṣé ó ti lọ́kọ?"

Èmi tí mo ti wo àpótí orin sàn fún ogójì ọdún, mo mọ àwo tó ń sáré tí mo bá gbọ́ ọ. Mo gbé àtàǹpàkò mi lé etí àwo náà, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ọmọ tó ń sùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ohùn náà ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kanlẹ̀. Kọ̀ǹkọ̀! Elzy sọ búrẹ́dì kalẹ̀, ó ṣí fìlà.

"Ẹni yẹn ni mo mọ̀," ló wí.

Ẹ lè ní àtàǹpàkò Wardell kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ó dáa. Ẹ̀yin àgbà Corley, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́rìí èyí. Nígbà tá a wà léwe, dùùrù kan ṣoṣo tó wà nílùú wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ funfun, a ò sì lè kanlẹ̀kùn níbẹ̀ pé ẹ dákun, ẹ fún wa lóhùn. Fèrè ilé-ẹ̀rọ òwú ni dùùrù tiwa. Bó bá ti dún láago méjìlá ọ̀sán, gbogbo onígìtá á ju àpò òwú nù, á gbé gìtá, á fa okùn tó nípọn jù títí á fi bá fèrè náà mu. Ìdí nìyẹn tí gbogbo gìtá Corley fi bá ara wọn mu, tí kò sì bá ti ẹnikẹ́ni mu láyé. Tí onígìtá wa bá dé Memphis, wọ́n á ní gìtá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Fèrè yẹn ṣì wà, èmi ni mo ni ín. Mo fi ẹ̀rọ tí mo fi ń fẹ́ táyà fun ún lọ́jọ́ náà. Bí àwo náà ṣe ń sáré, kò sóhun tó pa òun àti fèrè pọ̀. Nígbà tí mo fi àtàǹpàkò mú un falẹ̀, okùn gìtá àti fèrè di ọ̀kan.

Ẹ ó wá bi mí pé, Wardell, o ti mọ èyí láti ọdún méjì, kí ló dé tó ò pariwo? Mo lọ bá Goolsby. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Bàbá Pettis, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló ba àwo náà jẹ́?" Mo ní mi ò mọ̀.

Mo mọ̀ o. Irọ́ ni mo pa. Èmi tí mo ń yangàn káàkiri pé mi ò ba ẹ̀rọ jẹ́ rí, èmi ni mo bà á jẹ́. Lọ́dún 1941, ọkùnrin kan láti Memphis gbé ẹ̀rọ tó ń gé orin sínú àwo wá nínú mọ́tò. Bátìrì mọ́tò ló ń yí ẹ̀rọ náà. Mi ò jókòó nínú mọ́tò rí láyé mi, rédíò sì wà nínú èyí. Bí wọ́n ṣe ń jẹun nínú ilé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo wọlé sínú mọ́tò, mo tan rédíò, mo gbọ́ ọ fún wákàtí méjì, mo na ẹsẹ̀ bí gómìnà. Nígbà tí Elzy fi máa kọrin, bátìrì ti ń mí gúlegúle. Ẹ̀rọ náà ń wọ́ bó ṣe ń gé orin. Ohun tá a fi ẹsẹ̀ ìgbín gé, tá a wá fi ẹsẹ̀ ehoro gbọ́, báwo ni kò ṣe ní dún bí ẹyẹ? Ọkùnrin náà dé Memphis, ó gbọ́ ọ, ó ní ẹyẹ ni lóòótọ́, ó kọ Birdie sí i lára.

Kí n tó lọ sí Chicago, mo jẹ́wọ́ fún Elzy lórí ibùsùn rẹ̀. Mo rò pé á lé mi jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

"Mo mọ̀, Wardell. Mo gbọ́ rédíò yẹn láti inú ilé. Orin tó ń kọ dùn ju tèmi lọ."

"O mọ̀, o ò sì sọ?"

"Kí n wá sọ fún ta ni? Kí wọ́n lè kọ ẹ́ sára pátákó? O fi rédíò sọ mí dobìnrin, o tún fẹ́ kí n sọ ẹ́ dolókìkí?"

Mo ti sọ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nínú ìwé ìròyìn, ní gbangba, lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ẹ̀ṣẹ̀ tiyín ńkọ́? Goolsby, o kọ lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́rin lórí ibi tí Birdie kú sí. Kí ló dé tó ò rìn máìlì mẹ́ta lọ sétí odò tí Elzy ń gbé, kó o bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè rẹ̀? Ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀, ṣé ẹ ti ka àwọn nọ́ńbà yẹn kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n fà wọ́n tu? Ṣé ẹ mọ ẹni tí nọ́ńbà ọgbọ̀n jẹ́? Tí wọ́n bá da òkúta síbẹ̀, ta ló máa rí Elzy mọ́? Mo fẹ́ kí ẹ fi itẹ́ náà sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ìwé ìjọba fi orúkọ rọ́pò gbogbo nọ́ńbà, láti orí ìkíní. Mo fẹ́ kí pátákó náà sọ pé Elzy Tunstall ló ń jẹ́, àti ọjọ́ tó kú gan-an. Kí ẹni tó bá sì fẹ́ dìbò lòdì sí i dìde dúró, kó sọ ọ́ lójú wa.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, àwọn káńsẹ́lọ̀ máa jókòó ní ilé-ẹjọ́ láago mọ́kànlá ààbọ̀. Màá ti páàkì ọkọ̀ mi sábẹ́ fèrèsé wọn. Fèrè ilé-ẹ̀rọ òwú á wà lẹ́yìn rẹ̀, giramafóònù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àtàǹpàkò mi á wà lọ́wọ́ mi. Láago méjìlá géérégé, màá fun fèrè náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní gìtá ní Corley, kó gbé e wá, kó fa okùn rẹ̀ bá fèrè mu bá a ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́. Màá wá fi àwo náà sí i, màá fi àtàǹpàkò mú un falẹ̀, kí Elzy fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn. Bí wọn ò bá yọjú, màá tún un fun, màá sì máa fun ún lọ. Èmi ni mo jẹ bátìrì ará Memphis yẹn tán lọ́jọ́sí. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ mi báyìí, tuntun ni.