Òǹtẹ̀ Mọ́kànlá Lórí Àdògán Bàbá Fortuné

“Bàbá, bí ẹnì kan bá kọ̀ láti tẹ òǹtẹ̀ tiẹ̀ ńkọ́?”

Inès, ọmọ ọdún mọ́kànlá tí kì í sọ̀rọ̀ láàárín àgbà, ló gbójú bi Bàbá Fortuné bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ará ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kàn na ìwé ìfọwọ́sí àdògán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ sí i. Inès ti rí i pé àdògán tuntun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà kò ní lè dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Attécoubé, àdúgbò wọn, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ó tẹ̀ ẹ́. Òǹtẹ̀ pé mọ́kànlá.

Lọ́jọ́ kejì, Huguette alálókò, tó ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tà, gbé epo ka orí àdògán náà. Kó tó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán, àdògán dojú dé, ó yí gbirigbiri lọ sọ́nà ọ̀sà. Ọlọ́run ló yọ ọ́ pé epo ò tíì gbóná.

“Yéè! Epo mi o!”

Bàbá sáré tẹ̀ lé àdògán, ó ń ju ìwé lókè: “Dúró! Gbogbo wọn ló fọwọ́ sí ọ!”

Àdògán ò mọ̀wé. Boribana létí ọ̀sà ló dúró sí.

Ọdún méjìlá ni Bàbá fi wa ọkọ̀ fún ọ̀gá ará Jàpáàn kan ní Plateau, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ó ní nílé iṣẹ́ wọn, kí wọ́n tó ṣe nǹkan tuntun, ìwé rẹ̀ á yípo, gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn á sì tẹ òǹtẹ̀. Nígbà tó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, tó ń rọ àdògán àti ìkòkò, ó fi àtẹ́lẹ̀ sálúbàtà gbẹ́ òǹtẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, fún pásítọ̀, fún Huguette, títí kan Inès ọmọ alájọgbé. Oṣù méje ni ìwé ìdérí ìkòkò kan fi yípo. Kó tó dé, ìkòkò ti lu.

Ó tún ní bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún làá bèèrè ìdí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pe ìpàdé, réunion.

“Kí ló dé tó ṣubú?”

“Ilẹ̀ ló dà gẹ̀rẹ́,” ni Ìyá Georgette, ìyàwó rẹ̀, wí.

“Kí ló dé tí ilẹ̀ fi dà gẹ̀rẹ́?”

“Orí òkè là ń gbé.”

“Kí ló dé tá a fi ń gbé orí òkè?”

“Kò sówó ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀.”

“Kí ló dé tí kò sówó?”

“Ẹ fi iṣẹ́ dírẹ́bà sílẹ̀.”

“Kí ló dé tí mo fi í sílẹ̀?”

“Kí ẹ lè ṣe àdògán tó ṣubú.”

Réunion parí.

Fún ọdún mẹ́fà, àdògán kankan ò jáde mọ́. Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀, ó ránṣẹ́ pe Inès, tó ti wà ní terminale, kíláàsì àṣekágbá girama. Àdògán ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeé fà gùn. Òǹtẹ̀ mẹ́wàá ti wà nínú ìwé. Inès di ìdìmú àdògán náà mú. Ó wo ojú Bàbá tó ti rù. Ta ló fẹ́ sọ pé rárá fún irú ojú yẹn?

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́… mi ò ní tẹ̀ ẹ́. Irin lásán ni ìdìmú yìí. Á jó Tántí Huguette lọ́wọ́.”

Igi ni wọ́n padà fi ṣe ìdìmú náà. Huguette ṣì ń dín alókò lórí rẹ̀ dòní, kò sì tíì yí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín Bàbá ni Inès ń rántí. Ó rín in títí ikọ́ fi dá a dúró, ó wá di ọwọ́ ọmọ náà mú.

“O bi mí nígbà kan pé bí ẹnì kan bá kọ̀ ńkọ́. Ọmọ mi, ẹni tó kọ̀ yẹn nìkan ló wo àdògán. Àwọn tó kù, ojú mi ni wọ́n ń wò.”