Omi Gbígbóná Inú Ààtàn

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo mọ̀. Ìyàwó mi tó fojú ara rẹ̀ rí i gan-an kò tíì gbà tán.

Ọyẹ́ tó kọjá mú ní Kétu níbí débi pé bí èèyàn bá rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ á ya. Ìyà jẹ èmi tí n kò lè pa ẹnu mọ́. Orúnkún ìyá mi ló jẹ mí lógún jù. Bí kò bá fi omi gbígbóná wẹ̀ láàárọ̀, kò ní lè rìn dé ojúde títí oòrùn yóò fi mú. Igi ìdáná sì ti jìnnà. Ìwọ̀nba tí ìyàwó mi ń rí, gàrí ló fi ń yan.

Èèpo ẹ̀gẹ́ táwọn obìnrin ilé wa ń bó ga bí òkè. Wọ́n fẹ́ sun ún, mo ní kí wọ́n fún mi. Mo kó o jọ sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú pòròpórò àgbàdo àti ìgbẹ́ ewúrẹ́, mo ń da omi ìfọṣọ sí i kó má baà gbẹ. Ajílẹ̀ tí mo fẹ́ fi gbin ata ni mo ń wá. Àwọn ìyàwó ilé, tí wọn kì í pe ẹni tí wọ́n bá nílé ọkọ lórúkọ, bá sọ mí ní Baálé Ààtàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òkìtì náà ń rú èéfín. Mo sáré gbé omi, mo rò pé ẹnì kan ti ti iná bọ̀ ọ́ ni. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀: kò síná, ooru lásán ni, àmọ́ ooru tó ní kí n tètè yọ ọwọ́. Mo bá ri bídọ̀nù omi kan, ike ìpọnmi tó ní ìdérí, mọ́ àárín rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, omi ti gbóná.

“Ìyá mi, omi ìwẹ̀ yín rèé.”

“Igi wo lẹ fi dáná ẹ̀?”

“A ò dáná. Inú ààtàn ló ti gbóná.”

Ó wò mí látòkè délẹ̀. “Mo rán ọ nílé ìwé, ìgbẹ́ ewúrẹ́ lo wá fẹ́ fi wẹ ìyá rẹ?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ìdérí ẹ̀ dé pinpin.”

“Ó dáa. Ìwọ kọ́kọ́ wẹ̀ ná. Bí ara ò bá yún ọ, a jọ máa sọ ọ́.”

Mo wẹ̀. Ó gbóòórùn èjìká mi lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tó fẹ́ ra ẹja gbígbẹ, ó wọlé lọ sùn. Mo ṣáà ri bídọ̀nù mìíràn mọ́ ọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá òkìtì ní títú, bídọ̀nù ṣófo. Ìyá mi dúró lẹ́nu balùwẹ̀, ó ń fi òróró pa orúnkún. Ó ní omi náà kéré, kí n ri méjì lọ́la. Omi tútù inú ìkòkò ni mo fi wẹ̀. Ariwo tí mo pa, àwọn ará ilé kejì sáré wá wò mí.