Bàbá Tó Sọ Àdéhùn Omi Di Ìtàn Ìfẹ́

Ọjọ́ tí ọ̀gá pátápátá wá láti olú ọ́fíìsì ni Bàbá Óṣẹlẹ̀bẹ́ẹ̀ pa á lẹ́kún. Ọ̀gá náà ò wá sunkún. Òrùlé ilé àtijọ́ tí ìjọba ń tọ́jú ló ń jò, ó wá wò ó. Ṣùgbọ́n bàbá ló ń mú àlejò kiri inú ilé náà, kò sì sí ẹni tó lè wo òrùlé lọ́dọ̀ rẹ̀ láìgbọ́ ìtàn. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé ìdáná, ọ̀gá ti yọ áńkáṣíìfù.

"Níbo ni wọ́n sin àwọn olólùfẹ́ méjèèjì náà sí?" ló béèrè.

Bàbá ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó nawọ́ gba ojú fèrèsé. "Ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀ yẹn ni, sà. Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn."

Ọ̀gá ní kí dírẹ́bà lọ ra òdòdó wá. Ó tẹ́ ẹ síbẹ̀, ó ṣí fìlà, gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e náà ṣí tiwọn. Ìyàwó bàbá, tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, dúró tì wọ́n títí ọkọ̀ wọn fi lọ. Lẹ́yìn náà ló gbé òdòdó kúrò lórí àlùbọ́sà rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nínú ilé yẹn ò gùn. Ìlú méjì ń bá ara wọn jà lórí omi odò kan. Àwọn àgbààgbà ìlú méjèèjì pàdé nínú ilé náà, torí pé àárín méjì ló wà, ẹni tó ni ín sì ti lọ lo họ́lidé. Wọ́n jókòó, wọ́n bú ara wọn, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n túká. Ìlú kọ̀ọ̀kan mú akọ̀wé kan wá. Gbogbo rẹ̀ wà lára pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Èèyàn á kà á tán kó tó bọ́ bàtà.

"Àwọn tí ebi ń pa, tí wọ́n ń kánjú lọ jẹun, ni pátákó yẹn wà fún," ni bàbá máa ń wí.

Nínú ìtàn tirẹ̀, akọ̀wé ọkùnrin kan ni àti akọ̀wé obìnrin kan. Ẹnu họ́lidé ni wọ́n wà tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè wọ́n. Ojú pàdé ojú lórí ìgò yíǹkì. Wọ́n wá rí i pé bí àwọn àgbà bá parí ìjà, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ni wọ́n bá ń ba ìwé jẹ́. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ tán, ọkùnrin á da yíǹkì sí i. Wọ́n á tún un kọ. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin á da tirẹ̀. Àwọn àgbà jókòó títí, wọn ò ríṣẹ́ ṣe, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn ṣeré. Bí àlàáfíà ṣe dé nìyẹn.

Ẹni tó bá la ẹnu láti takò ó, gbólóhùn kan ló máa gbà. "Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀." Wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, títí tí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ náà fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Àánú sì máa ń ṣe é bí àlejò kò bá rí ara rẹ̀ nínú ìtàn. Oníṣègùn eyín kan gbọ́ ọ tán, ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí oníṣègùn eyín níbẹ̀ ni?"

"Ó wà ńbẹ̀. Òun ló yọ eyín alàgbà tó le jù lọ. Bí ìrora ṣe lọ báyìí, alàgbà tọwọ́ bọ̀wé."

Láti ọjọ́ náà, oníṣègùn eyín ò kúrò nínú ìtàn mọ́. Alápatà dé, bàbá mú un wọ inú ìtàn. Agbẹ̀bí dé, òun náà ríṣẹ́ ṣe.

"Bàbá, èrò yìí ti pọ̀ jù," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ilé yẹn. Ibo ni gbogbo wọn sùn sí?"

"Àwọn kan ò sùn."

"Agbẹ̀bí wá ńkọ́? Ta ló bímọ nílé ìpàdé?"

"Fi obìnrin yẹn sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Tíṣà kan tó ń kọ́ni ní ìtàn kó àwọn ọmọ ilé ìwé wá. Ó fara dà á títí, ó sú u. "Bàbá, ẹ má bínú. Mo ti kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé yẹn ti lé ní àádọ́rin ọdún."

"Ìfẹ́ kì í béèrè ọjọ́ orí, tíṣà."

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Tíṣà kó wọn jáde kíákíá. Nígbà tí ilé ìwé gba họ́lidé, ó padà wá, òun àti omidan kan tó dì í lọ́wọ́ mú. Ó fa bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́. Ẹ ṣáà má dárúkọ ọjọ́ orí."

Ọ̀rọ̀ tàn kálẹ̀. Tọkọtaya bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilé náà ṣe ibi họ́lidé. Wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú wọlé, wọ́n á jáde tomijétomijé. Ọmọge kan dúró lẹ́nu wíńdò tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Mà, ẹ mà ṣoríire ọkọ o. Ẹni tó mọ ìfẹ́ tó báyìí. Níbo ni wọ́n máa ń mú yín lọ tí họ́lidé bá dé?"

Ìyàwó bàbá wo inú yàrá tíkẹ́ẹ̀tì. Àga kan, wíńdò kan. "Ibi tẹ́ ẹ bá mi yìí ni."

Òótọ́ ni. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, wọn ò lọ ibì kankan rí. Kò dun obìnrin náà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun bàbá. Dókítà pe ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní ọkàn ọkọ rẹ̀ ò lágbára mọ́, bí ibì kan bá wà tí wọ́n fẹ́ jọ lọ, kí wọ́n tètè lọ. Ibì kan sì wà. Adágún omi kan ni, àwòrán rẹ̀ wà lára kàlẹ́ńdà tó kọ́ sí yàrá láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Ọdún inú kàlẹ́ńdà ti kọjá tipẹ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká a kúrò.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sí adágún omi yẹn."

"Báwo? Àlejò ò dáwọ́ dúró. Ta ló máa bá wọn sọ̀rọ̀?"

"Pátákó."

Bàbá wò ó bí ẹni tí wọ́n bú bàbá rẹ̀.

"Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń mú àwọn tó ti kú lọ lo họ́lidé," ni obìnrin náà wí. "Èmi ṣì wà láàyè. Mo tiẹ̀ ní bàtà."

"Ó dọdún tó ń bọ̀."

Ọdún tó ń bọ̀ yẹn gan-an ló ń ba obìnrin náà lẹ́rù. Kò sọ ọ́ fún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bó ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àlejò ló ń fi ọ̀rọ̀ lé e. "Ẹ káàbọ̀. Wọn ò fẹ́ràn ara wọn o. Omi ni wọ́n ń jà sí. Ẹ máa wọlé."

Àwọn kan yí padà. Àwọn tó wọlé ń wo bàbá bí ẹni tó fẹ́ ta bàtà ẹsẹ̀ kan fún wọn. Ó dé ibi ìgò yíǹkì, ẹnikẹ́ni ò kẹ́dùn. Ó fi oníṣègùn eyín kún un, wọ́n ń wo aago. Ọkùnrin kan tiẹ̀ bi í léèrè ibi tí òrùlé ti ń jò.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti sú bàbá. Ó wá tò sẹ́yìn àwọn àlejò lẹ́nu wíńdò. Nígbà tó kàn án, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní tíkẹ́ẹ̀tì adágún omi?"

"A kì í tà á fún ẹnì kan ṣoṣo," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. Kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti di ẹrù wọn láti àná.

Ọmọ wọn ọkùnrin, wẹ́dà tó ń jó irin, ló gbé ẹrù náà dé ibùdókọ̀. Òjò ti ṣú. Òjò yẹn ò dá títí wọ́n fi padà dé. Ọmọ náà ló tún lọ pàdé wọn. Omi ń kán lára báàgì. Bàtà tí ìyá rẹ̀ fi yangàn ti lanu. Bàbá ń sín, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀nà ilé lọmọ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn ò rí adágún omi, ìkùukùu bò ó. Yàrá tí wọ́n gbà sí ń jò ju ilé àtijọ́ lọ.

"Bàbá, kí lẹ wá ń ṣe níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́?"

"À ń sún bẹ́ẹ̀dì kiri."

Ìyá rẹ̀ ní onílé tí wọ́n dé sí bi bàbá léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Òun ti rò pé ìtàn dé nìyẹn. Bàbá nawọ́ sí òun, ó ní, "Ọkọ rẹ̀ ni mí." Kò fi nǹkan kan kún un.

Ọdún tó ń bọ̀ ò bá a láyé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nílé ìdáná ilé àtijọ́ náà, ó ń retí àlejò kan tó ṣì ń bọ́ bàtà. Ibẹ̀ ló sùn sí tí kò jí. Àlejò náà dúró tì í pẹ́. Ó rò pé ara ìtàn ni.

Àwọn èèyàn wá bá obìnrin náà kẹ́dùn, ilé kún. Oníṣègùn eyín wá. Tíṣà wá, òun àti omidan ọjọ́sí, wọ́n ti fẹ́ra. Wọ́n sọ̀rọ̀ bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ojú wọn fi tutù. Ni oníṣègùn eyín bá ní, "Mà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í fi nǹkan kún ọ̀rọ̀, họ́lidé tí ẹ̀yin àti bàbá lọ yẹn, báwo ló rí?"

Obìnrin náà wo ọ̀nà yàrá tí kàlẹ́ńdà wà.

"Òòrùn ràn," ló wí.

"Òòrùn kẹ̀? Mà, òjò ọ̀sẹ̀ yẹn wó afárá."

"Níbi tí àwa wà, òòrùn ni. Omi yẹn ń dán. A jókòó sétí rẹ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú, a ò sọ nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú."

Tíṣà yíjú sí ọmọ wọn. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọmọ náà ló sá aṣọ wọn sórí okùn. Òun ló fún omi inú ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ̀ dànù. Ó wo ìyá rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló wí. "Òòrùn yẹn pọ̀ débi pé bàbá mi dú wálé."

Ìyá rẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ẹ̀rín sọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó dú díẹ̀," ló ní. "Níbi ọrùn."